Ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́ Kejì

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ní Bantẹ̀, bí ẹ bá ti ọjà bọ̀, tí ẹ gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ owú bàbá mi kí ẹ tó rí òrùlé àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn kan ní Savalú. Aṣọ funfun ni mò ń wọ̀, abẹ́ fáànù ni mò ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ní àpá iná tó ta bá mi nídìí ẹwìrì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹlòmíràn á fi ìbọ̀wọ́ bò ó. Èmi máa ń fi hàn ni.

Bàbá mi kì í yin nǹkan. Bí ó bá rọ ọkọ́ tán, á gbé e sétí, á fi èékánná ta á, á gbọ́ bó ṣe dún. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, inú iná ló ń padà sí. Bí ó bá dára, á ní, "Èyí pé." Ó tán nìyẹn. Mo gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, mo gba èkejì, mo lọ gba ti Kùtọnu lé e. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbé wá hàn án, kò sí ọ̀kan tó gbọ́ "Èyí pé" nínú wọn. Ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀nà kan wà tó ń gbà ṣiṣẹ́ tí n kò rí lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣàdédé rọ̀, gbogbo àgbẹ̀ á ya wá lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù á ní òun ló kọ́kọ́ dé. Bàbá mi kì í bá wọn jà. Á kọ́kọ́ rọ àwọn ọkọ́ kan tí kò bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu dáadáa, ṣùgbọ́n tó pọ̀, tó sì yá. Wọn á fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ oko. Lẹ́yìn náà ni á wá fara balẹ̀ sórí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, á wo gíga rẹ̀, á wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á béèrè irú ilẹ̀ tó ń ro. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí ọkọ́ yẹn bá jẹ tán, á gba àjẹkù rẹ̀, á fi kọ́ ara ògiri. Bí ẹni náà bá tún dé, kò sí pé à ń wọn ọwọ́ mọ́. Bàbá á gbójú sókè wo ògiri, á sì rọ ọ́ kíákíá.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, olùkọ́ wa ń kọ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B. Oòrùn mú, oorun ń kun gbogbo kíláàsì. Ó ní bí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì B á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà, kí ó má baà rí ọ̀nà wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara lọ. Ó ní àwọn àkọ́kọ́, tí ìwé ń pè ní IgM, kò bá kòkòrò náà mu dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n lápá púpọ̀, wọ́n sì tètè dé. Pé lẹ́yìn náà ni sẹ́ẹ̀lì B á wá ṣe àwọn tó bá a mu rẹ́gí. Pé àwọn kan nínú wọn á sì wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọn kò ní gbàgbé. Mo nàwọ́. Mo ní, "Mùsíyé, àgbẹ̀dẹ bàbá mi lẹ ń sọ yìí." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jí tán. Olùkọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jáde wá, kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, mo sì ṣàlàyé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo máa ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ ní Agúà, níbi tí oko ti parí tí igbó ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run kó tó rí ọmọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá dé, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ onítọ̀hún bóyá ó mọ́. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oṣù méje ni ọmọ náà. Ohun ìjà tí ìyá rẹ̀ fún un láti inú oyún ti ń tán lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ èéyí, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń gún un. Láàárín méjèèjì yẹn ló wà, kò sí ohun tó bò ó.

Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àwọn èèyàn ń ṣa kajú. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, àlejò ti wọ ilé kejì sí wa." Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe èéyí lórúkọ nígbà tó bá wà lágbègbè. Àlejò là ń pè é, kó má baà bínú. Ó ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó ti yọ sí i lójú àti lọ́rùn. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo di ìgò ẹ̀jẹ̀ àti àpótí yìnyín sẹ́yìn alùpùpù, mo forí lé Agúà. Eruku ọ̀nà yẹn kò mojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò pé egúngún ló ń bọ̀.

Ìyá àgbà ọmọ náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, mo mú fíṣì jáde, ìwé tí a ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí. Ìwé náà béèrè pé ọjọ́ mélòó ló ti yọ sí i lára. Mo ní, "Ìyá, ó di ọjọ́ mélòó?"

Wọ́n ní, "Ó di ọjọ́ karùn-ún lónìí, ọmọ mi."

Mo kọ márùn-ún sílẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Ṣé èmi náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ni? Àwọn tó ti Kùtọnu wá ló ń bi èèyàn ní ìbéèrè mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ kan. Èmi gbọ́ Ìcà, èdè ilé wa, mo gbọ́ Màhí, mo gbọ́ Faransé, mo sì mọ ẹnu àwọn àgbà wa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó, ẹ ó sì rí ohun tí ìyẹn fà.

Kí n tó kúrò, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó kù ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí wọ́n ṣe ìnáwó òkú bàbá ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Ṣẹ́tì ń bọ̀, àwọn ará Savalú ń bọ̀, àwọn kan á ti Nàìjíríà wá, gbogbo wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìyàwó ilé ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí gbogbo ìdílé bá a wá fún ọdún mẹ́sàn-án sì ni èyí. Wọ́n á gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo ní, "Ẹ jókòó sílé, ẹ má gbé ọmọ yìí jáde. Bí ìwé bá ti dé pé èéyí ni, àwọn àgbà á sún ìnáwó síwájú, ìjọba á sì gbé abẹ́rẹ́ wá fún gbogbo ọmọ, títí kan àwọn olóṣù mẹ́fà. Ẹ fi lé mi lọ́wọ́." Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní ó dára. Ó gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo kàwé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni a fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Kùtọnu, níbi tí ẹ̀rọ tó ń wá èéyí wà. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ọmọ Savalú ni, ó fẹ́ràn àwàdà. Ó ní, "Ọmọ alágbẹ̀dẹ, irin rẹ tutù o. Wọ́n ní kò sí."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Mo sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi yọjú. Ó jẹ́ kí n parí, ó ní, "Ẹ̀rọ kì í kọ fíṣì." Ó dùn mí dé egungun, mo bínú jáde. Nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ mi ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ọwọ́ mi ló kọ fíṣì.

Ọ̀rọ̀ ti dé Agúà ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ní ìyá ọkọ òun ti ń sọ káàkiri pé ìbẹ̀rù lásán ni, pé kòkòrò kajú ló yún ọmọ náà. Ó ní wọ́n ti ní kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í múra, ó kù ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bi. Ṣé kí n gbé e jáde?"

Bí mo bá ní kó má gbé e jáde, wọn á ní ó ń tàbùkù òkú àgbà, nítorí ìwé ti ní kò sí nǹkan. Bí mo bá ní kó gbé e jáde, tí nǹkan bá ṣe ọmọ yẹn, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹ̀gbọ́n mi? Mo ní màá pè é padà. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Mo gba ọ̀nà Bantẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi ń rọ ọkọ́ sílẹ̀ de òjò. Mo jókòó sídìí ẹwìrì níbi tí mo máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, mo ń fẹ́ iná fún un, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ náà. Ó ń yí irin nínú iná títí ó fi pọ́n tó bí ó ṣe fẹ́. Ó lù ú, ó dá a padà sínú iná, ó ní, "Ta lo bi léèrè ọjọ́?"

"Ìyá àgbà ọmọ náà."

"Kí lo bi í?"

"Mo ní ó di ọjọ́ mélòó."

"Ọjọ́ mélòó tí kí ni ṣe?"

Bàbá mi ní, "Àlejò tó bá wọlé, ọjọ́ tó wọlé la fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó jáde sí gbangba. Ọjọ́ tó wọlé gan-an, ọ̀kan ni. Ṣé wọn kò kọ́ ọ ní ìyẹn ní Kùtọnu?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ọjọ́ tí ara ọmọ kọ́kọ́ gbóná ni àlejò wọlé. Èéyí sì máa ń fi bí ọjọ́ mẹ́ta gbóná kó tó yọ. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kó yọ ní ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún Ìyá àgbà, ọjọ́ kejì fíṣì ni. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbà, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọjọ́ karùn-ún ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì B ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ohun ìjà wọn àkọ́kọ́ kò tíì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí ẹ̀rọ máa rí i. Ká ní mo kọ méjì síbẹ̀, àwọn ará Kùtọnu ì bá sọ pé kí a tún un gbà.

Mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Ó fi ẹ̀mú gbé irin jáde, ó ní, "Ó yé mi. O wá ra ọkọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣì ń fẹ́ iná. O kò rí ọkọ́, o wá lọ sọ fún ìlú pé n kì í ṣe alágbẹ̀dẹ."

Ẹ wò ó, mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi wákàtí méjì sọ ohun tí bàbá mi sọ láàárín òòlù kan sí ìkejì. Kò lọ sílé ìwé rí. Inú mi dùn débi tí mo fi gbàgbé pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Bàbá ní kí n dìde, kí n máa lọ, pé iná òun kì í ṣe ibi ìfẹ̀yìntì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún wà ní Agúà. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá àgbà, mo ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Ọjọ́ wo ni ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná? Ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí a ṣa kajú apá odò ni ara rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó kajú lọ ni ó yọ. Ìwọ ni o kò béèrè."

Mo lọ bi àwọn tó kó kajú léèrè, ọjọ́ náà bá ti bàbá mi mu. Ọmọ náà ti ń sáré kiri, ara rẹ̀ ti ń bó. Ó bú sẹ́kún nígbà tó rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bú mi pẹ̀lú. Mo gba ẹ̀jẹ̀. Mo gbé e dé Savalú láìdúró mu omi. Mo wọlé tọ ọ̀gá mi, mo ní, "Èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ ni mo kà ṣì." Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀sín. Ó fa àga fún mi, ó mú fíṣì tuntun, ó kọ ọjọ́ tí ara gbóná, ó kọ ọjọ́ tó yọ, ó fàlà sábẹ́ méjèèjì. Ìgò ẹ̀jẹ̀ náà bá ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lọ sí Kùtọnu lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pè wọ́n láràárọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ òótọ́ fún un, pé èmi ni mo kọ ìwé ṣì, pé kó bá mi di ọmọ mú fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó ní, "Mo ti dì í mú." Ó ti sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé inú ń run òun, ó sì ti tilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í purọ́.

Ó kù ọjọ́ mẹ́rin kí ìnáwó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èsì dé. Ó wà. IgM ọmọ náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara ọmọ méjì mìíràn ti ń gbóná ní Agúà nígbà náà. Àwọn àgbà sún òkú síwájú, wọ́n ní bàbá tó ti kú kò kánjú. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí àwọn elábẹ́rẹ́ fi dé, ìyá àgbà ọmọ tí mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jáde tó ń ti àwọn ìyá ọlọ́mọ síwájú. Àwọn elábẹ́rẹ́ ní kí n sọ fún àwọn obìnrin ohun tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. N kò pe sẹ́ẹ̀lì kankan. Mo fi Ìcà sọ̀rọ̀ ọkọ́, mo sọ ti àwọn ọkọ́ àkọ́kọ́ àti ti ara ògiri. Mo ní abẹ́rẹ́ yìí ń fi àjẹkù ọkọ́ kọ́ ògiri ọmọ yín kí oko tó kún. Mo ní ẹ má tíì gbé wọn lọ sáàárín èrò, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ nǹkan tán, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìtumọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ké lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀ ló sunkún pẹ́.

Àwọn ọmọ díẹ̀ ṣàìsàn lẹ́yìn náà, wọ́n sì dìde. Àlejò náà kò ya ilé ẹ̀gbọ́n mi rárá. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ọkàn mi máa ń fúyẹ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọmọ wá sí Bantẹ̀. Òjò ti dé, àwọn àgbẹ̀ kún àgbẹ̀dẹ. Ọmọ náà ń rá kiri nílẹ̀, ó ń fa okùn àwọn ọkọ́. Abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án ṣì wà níwájú, nítorí pé ti oṣù méje yẹn kò dípò rẹ̀. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Ó di oṣù kẹsàn-án lónìí. Ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, láti ọjọ́ wo lẹ ti ń kà á?"

Ọmọ owú dúró lókè. Àwọn àgbẹ̀ wojú mi, nítorí a kì í bi alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ nídìí iná rẹ̀. Bàbá mi ní, "Oṣù tí a bí i, ọ̀kan nìyẹn."

Mo ní, "Ó kù oṣù kan nígbà náà, Bàbá. Tí a bá gún un lónìí, ó ti yá jù."

Ó gbé ọmọ owú sílẹ̀. Ó nawọ́ sí mi, ọwọ́ náà gbóná, ó dúdú, ó fi èékánná ta mí níwájú orí, ó sì dẹ etí bí ìgbà tó ń gbọ́ irin.

Ó ní, "Èyí pé."

Ẹni ogójì ọdún ó lé ni mí. Mo sunkún níwájú gbogbo àwọn tó wá ra ọkọ́.